Ìkúnlẹ̀ Lẹ́yìn Lọ́rì

Bí ẹ bá ń wá ẹni tó fẹ́ràn kí wọ́n máa kí òun ní Sókótó, lọ́dún tí ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá wo Nàìjíríà, ẹ ò ní rìn jìnnà. Ẹ kàn gba ọ̀nà Kofar Doya, kí ẹ béèrè sítọ̀ obì Jàfárù ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ óò bá a lórí àga lẹ́nu géètì, fìlà rẹ̀ á ti gẹ̀ sí apá kan, á máa retí ẹni tí yóò kọjá. Bí Hausa bá kọjá, tó ní "Sannu, Mai Goro," ìyẹn "Ẹ pẹ̀lẹ́, Olóbì," Jàfárù á rẹ́rìn-ín. Bí Yorùbá bá kọjá, tó dọ̀bálẹ̀ dáadáa tí àyà kan ilẹ̀, Jàfárù á gbé ojú sókè, á sì máa dáhùn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń jẹ obì tí kò fẹ́ kó tán lẹ́nu òun. Á béèrè ara, á béèrè ilé, á béèrè ọmọ, á wá fi àdúrà tì í. Ẹni tó dọ̀bálẹ̀ ò sì ní dìde títí àdúrà yóò fi tán, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa.

Èèyàn burúkú kọ́ o. N ò ní purọ́ mọ́ ọn. Òun ló tọ́ Tàjúdíìn àbúrò rẹ̀ láti kékeré, òun ló mú un wá sí Sókótó, tó kọ́ ọ ní òwò obì, tó sì fẹ́ ìyàwó fún un. Kò sẹ́ni tó ń ṣa obì fún un tí ebi í pa lọ́sàn-án. Ọwọ́ rẹ̀ ò há rárá. Kìkì pé ó gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ìkíni ló yẹ kí ayé fi san gbogbo oore yìí fún òun, kí wọ́n sì san án ní gbangba.

Àgbàlá sítọ̀ náà há. Ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé obì láti ilẹ̀ Yorùbá dé Gúsáù, lọ́rì á sì gbé e láti ibẹ̀ wá bá wa. Bí lọ́rì bá dé, kò sí àyè tó lè fi yípo nínú àgbàlá. Ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ fi wọlé, láti ẹnu géètì títí dé ẹnu ilẹ̀kùn sítọ̀, awakọ̀ ò sì lè rí ohun tó wà lẹ́yìn pákó ọkọ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú àgbàlá yìí kan náà ni àwọn obìnrin tó ń ṣa obì ń gbà lọ pọnmi, tí wọ́n ń gbà lọ kó ewé tí wọ́n fi ń di obì, tí wọ́n sì ń gbà lọ da èyí tí kòkòrò ti jẹ nù.

Lọ́jọ́ kan, lọ́rì tẹ ewúrẹ́ kan mọ́ ògiri. Ewúrẹ́ lásán ni, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ba Jàfárù. Ó ń rò ó pé bó bá jẹ́ èèyàn ńkọ́. Nígbà tó lọ sí Gúsáù, ó rí i níbi tí àwọn òyìnbó kan ń kó ẹ̀pà sí pé wọ́n to òkúta tí wọ́n fi ẹfun kùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, pé àárín òkúta àti ògiri yẹn ni àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn ń gbà. Bó ṣe padà dé, òun náà to tirẹ̀ ní ọ̀tún àti òsì àgbàlá, ó sì ṣe òfin. Bí lọ́rì bá ń rìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde kúrò nínú òkúta. Kí Sàní, ọmọ ọkọ̀ tó máa ń bá lọ́rì obì wá, tí àwọn Hausa ń pè ní karen mota, mú aṣọ pupa dání, kó dúró láàárín gbùngbùn lẹ́yìn lọ́rì níbi tó ti lè rí ọ̀tún rí òsì. Bí Sàní bá sì ní kí èèyàn dúró, kó dúró, ì báà ṣe aláàárù, ì báà ṣe Jàfárù fúnra rẹ̀. Òfin tó dára ni. Jàfárù fi yangàn ní mọ́ṣáláṣí títí ó fi sú wa.

Lẹ́yìn òjò ọdún náà ni Kúlúsúmù, ìyàwó Tàjúdíìn, dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọbìnrin tó yá lẹ́sẹ̀ ni. Àwọn obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣa obì a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ṣé inú kànga ni ọkọ rẹ̀ wà ni, tó fi ń sáré bẹ́ẹ̀ lọ pọnmi. Kì í ṣe aláfojúdi. Ó kàn fẹ́ràn kí iṣẹ́ tètè kúrò nílẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, agbọ̀n wà lórí rẹ̀, ó tẹ orúnkún díẹ̀ bó ṣe ń kọjá níwájú Jàfárù, ó ní "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá," ó sì ń bá tirẹ̀ lọ.

Jàfárù pè é padà. Ó ní kó sọ agbọ̀n kalẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, lójú gbogbo èèyàn, bóyá ìyá rẹ̀ kò ráyè kọ́ ọ nílé, àbí ó rò pé torí àwọn wà nílẹ̀ Hausa, àgbà ti tán láyé. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lójú ọmọ náà, ìyẹn ò sì dá Jàfárù dúró.

"Ibikíbi tó o bá ti rí mi," Jàfárù ní, "orúnkún rẹ ni kó kọ́kọ́ kí mi, kí ẹnu rẹ tó kí mi."

Kúlúsúmù kúnlẹ̀ sínú eruku. Àwọn obìnrin tẹjú mọ́ obì tó wà níwájú wọn bí ẹni pé wọn ò rí i rí. Nígbà tí wọ́n délé, Àgbékẹ́, ìyàwó Jàfárù, sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ jù, pé ẹrù wà lórí ọmọ náà. Jàfárù dá a lóhùn pé bí èèyàn bá gba ìkíni òòró lọ́wọ́ ìyàwó ilé lónìí, lọ́la orúkọ ni yóò máa pe èèyàn. Àgbékẹ́ lọ wo ọbẹ̀ rẹ̀ lórí iná.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ibi tí Kúlúsúmù ò ti kúnlẹ̀ fún un. Ó kúnlẹ̀ lẹ́nu kànga. Ó kúnlẹ̀ ní Babbar Kasuwa, ọjà ńlá ìlú, láàárín àwọn alápatà, tí ẹ̀jẹ̀ ẹran sì rin ìró rẹ̀. Jàfárù dúró gbọ́ ìkíni náà tán pátá, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó gbà pé òun ti tọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, ọyẹ́ ti fi eruku bo gbogbo ìlú tí oòrùn ò fi lè ràn. Obì ti wọ́n lọ́jà, ìyẹn ni kò jẹ́ kí Jàfárù lè dúró jẹ́ẹ́ nínú sítọ̀ nígbà tó gbọ́ ìró lọ́rì. Lọ́rì Ṣéhù ará Ìlọrin ni, Sàídù ló ń wà á. Sàní ti bọ́ sílẹ̀, ó ti dúró láàárín lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń ju aṣọ pupa pé kó máa bọ̀. Jàfárù jáde sí gbangba, ó kẹ́yìn sí òkúta tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, ó dúró lápá ọ̀tún lọ́rì, ó ń na ọrùn wo àwọn agbọ̀n bóyá ewé orí wọn ṣì tutù.

Sàní bẹ̀ ẹ́ pé kó padà. Jàfárù ju ọwọ́ sí i pé kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí ni Sàní ì bá ṣe? Kò lè fọwọ́ ti àgbà. Ó fi àárín sílẹ̀, ó sún wá sí apá ọ̀tún, kó lè máa ṣọ́ olówó tó tẹ òfin ara rẹ̀ lójú, kí lọ́rì má baà gbá a. Apá òsì wá ṣófo, kò sí ojú kankan níbẹ̀ mọ́.

Apá òsì yìí ni Kúlúsúmù gbà bọ̀, láàárín òkúta àti ògiri, ibi tó yẹ kó gbà gan-an. Ìdì ewé ńlá ló rù. Ó rí Jàfárù ní òdìkejì, Jàfárù náà sì rí i. Bó bá kọjá láìkí i, ẹjọ́ ọjọ́sí náà nìyẹn. Ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ògiri sì há, ìdì ewé ò ní jẹ́ kó rí àyè kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀. Ó jáde kúrò nínú òkúta, ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀, ó sì tẹrí ba. Bó ṣe wálẹ̀ báyìí, kò sí ẹni tó lè rí i mọ́ láti ẹ̀gbẹ́ lọ́rì níbi tí Sàní wà, bẹ́ẹ̀ ni Sàídù ò lè rí i nínú dígí.

Ẹyọ ènìyàn kan ló rí i. Jàfárù, tó dúró sẹ́yìn níbi tó ti lè rí òdìkejì, rí i, ó sì rí lọ́rì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ó rí i pé lọ́rì ń bọ̀, ó rò pé ó ṣì kù díẹ̀. Inú rẹ̀ dùn ju kó gé ìdáhùn náà kúrú lọ. Àwọn obìnrin ń ṣa obì lẹ́yìn ògiri sítọ̀, ó sì fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé ìyàwó tí òun bá wí ti mọ ohun tó yẹ. Ó gbé ohùn sókè. Ó béèrè ara, ó béèrè ọkọ. Ó ṣàdúrà pé Ọlọ́run á fi ọmọ jíǹkí rẹ̀, Kúlúsúmù ní àmín. Ó ṣàdúrà fún ìyá rẹ̀ nílé, Kúlúsúmù ní àmín. Ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nígbà tó rí i pé ẹ̀yìn lọ́rì ti dé orí ọmọ náà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n àdúrà ló ṣì wà níbẹ̀, kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn fi rọ́pò rẹ̀.

Igbe Kúlúsúmù la gbọ́. Sàní ń fi ọwọ́ méjèèjì lu pákó lọ́rì, ó ń kígbe "Tsaya!" pé kó dúró, Sàídù sì tẹ bíréèkì. Táyà ti gun ẹsẹ̀ ọ̀tún ọmọ náà, ó ti fọ́ orúnkún rẹ̀. Wọ́n fi ilẹ̀kùn kan gbé e lọ sí ọsibítù. Ewé tó rù fọ́n ká sórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń gbá wọn kiri.

Kò pẹ́ tí àwọn ọlọ́pàá ìbílẹ̀ dé. Wọ́n béèrè ẹni tó yẹ kó máa ṣọ́ ẹ̀yìn lọ́rì. Gbogbo ojú lọ sára Sàní. Wọ́n béèrè ìdí tó fi kúrò láàárín. Sàní fèsì pé Mai Goro mọ̀ ọ́n. Wọ́n wá yíjú sí Jàfárù pé kí ló rí.

"N ò rí nǹkan kan," Jàfárù ní, "títí mo fi gbọ́ igbe."

Bí irọ́ náà ṣe jáde wẹ́rẹ́ báyìí ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ó ń retí pé Sàní á bá òun jiyàn. Sàní kàn wò ó, ó ká aṣọ pupa rẹ̀, ó fi sínú àpò, ó sì tẹ̀ lé wọn lọ. Jàfárù yí ojú sí ògiri títí wọ́n fi jáde ní géètì.

Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Ó gbìyànjú láti bá ara rẹ̀ sọ ọ́ ní onírúurú ọ̀nà. Ó ní kádàrá ni. Ó ní Kúlúsúmù ló jáde kúrò nínú òkúta. Ó ní iṣẹ́ Sàní ni láti wà láàárín. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ òótọ́ dé ìwọ̀n kan, kò sì sí èyí tó fi ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tó ń padà wá sí i lọ́kàn ni gbólóhùn kékeré kan tí ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lè sọ: dìde, mọ́tò ń bọ̀. Òun tó lẹ́nu àdúrà tó báyẹn, òun ò rí i sọ. Bó bá ń ṣe àlùwàlá, gbólóhùn náà á wá. Bó bá ń ka owó obì, á tún wá. Ó dà bíi pé ẹnu rẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ báyìí tí kò wúlò mọ́.

Àgbékẹ́ ò bá a jà. Ó bu oúnjẹ fún un, ó jókòó, ó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

"Mo wà nínú sítọ̀ lọ́jọ́ náà," ó ní. "Mo gbọ́ ohùn yín. Ta ni ẹ ń ṣàdúrà fún?"

Jàfárù ti àwo oúnjẹ náà síwájú. Àgbékẹ́ gbé e, ó lọ. Láti ìgbà náà, ìtìjú kì í jẹ́ kí Jàfárù lè wo ojú ìyàwó ara rẹ̀.

Sàní wà lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá. Ṣéhù tó ni lọ́rì ti búra pé kò ní fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ òun mọ́ láéláé, àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn sì ti gbọ́ pé ó sùn lẹ́nu iṣẹ́ títí mọ́tò fi gun obìnrin. Ta ni yóò tún gbà á? Kande ìyàwó rẹ̀ wá sí sítọ̀ tòun ti ọmọ lẹ́yìn. Ó tẹ̀ kanlẹ̀ níwájú Jàfárù, ó ní "Ranka ya dade," pé kí ẹ̀mí rẹ̀ gùn, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ pé ẹni ńlá ni, pé bó bá bá àwọn ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, wọ́n á gbọ́. Ó ní ọkọ òun kò sọ nǹkan kan burúkú nípa Mai Goro. Jàfárù ní kí wọ́n bu obì àti gàrí fún un. Kande gbà á, ó dúpẹ́, ó tún tẹ̀ kanlẹ̀ kó tó lọ. Ọpẹ́ yẹn ta á lára ju èébú lọ.

Lẹ́yìn èyí, ọkùnrin tó fẹ́ràn ìkíni bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ìkíni. Ó gbé àga rẹ̀ kúrò lẹ́nu géètì. Ó ń gba ẹ̀yìn ilé onílé lọ sí mọ́ṣáláṣí. Bí ọmọkùnrin kan bá fẹ́ dọ̀bálẹ̀ fún un lójú títì, á ti na ọwọ́ síwájú pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀, á sì wo ẹ̀yìn ọmọ náà bóyá nǹkan ń bọ̀. Àwa tí a ò mọ̀dí ń sọ pé àyà rẹ̀ ló já nítorí ohun tójú rẹ̀ rí. A ń kẹ́dùn pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ ò rí i bí a ṣe gọ̀ tó.

Kò lọ sí ọsibítù. Lónìí, á ní obì ń bàjẹ́ nílẹ̀. Lọ́la, á ní ikọ́ ń ṣe òun. Àgbékẹ́ ló ń gbé oúnjẹ lọ fún aláìsàn. Nígbà tó yá, Tàjúdíìn fúnra rẹ̀ wá pè é, ó ní Kúlúsúmù ń béèrè Bàbá, ẹ̀rù sì ń bà á pé bóyá Bàbá ń bínú sí òun. Jàfárù ò rí ibi tó máa yẹ̀ ẹ́ sí, ó tẹ̀ lé e.

Lójú ọ̀nà, Tàjúdíìn ń rojọ́. Ó ní òun ti bi ìyàwó òun léèrè ohun tó gbé e jáde kúrò nínú òkúta, ó sì dá òun lóhùn pé ewé díẹ̀ ló bọ́ sílẹ̀ tí òun fẹ́ ṣà. Inú ti bí òun sí i. Òun ti sọ fún un pé torí ewé lásán ló ṣe fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ṣòfò, tó sì kó ìtìjú bá Bàbá nínú àgbàlá rẹ̀. Ó ní bí òun ṣe sọ ọ́ tán ló dun òun, nítorí ó kàn kọjú sí ògiri. Jàfárù ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti yé e pé ọmọ náà ti bo òun láṣìírí, pé ó ti gba ẹ̀bi òun mọ́ra nítorí kò lè ti ẹnu ìyàwó ilé jáde pé ẹ̀gbọ́n ọkọ òun ló fà á.

Wọ́n ti fi ohun funfun kan tó le koko di ẹsẹ̀ Kúlúsúmù láti itan dé kókósẹ̀. Ó ti rù. Ó ń wo ojú fèrèsé nígbà tí wọ́n wọlé, ó sì yí orí padà. Bó ṣe rí Jàfárù, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó gbé ẹsẹ̀ òsì tó dára sọ ilẹ̀, ó sì ń wọ́ èyí tí wọ́n dì tẹ̀ lé e. Ó gba ìṣẹ́jú kan kí ohun tó ń ṣe tó yé wọn. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ ni. Nọ́ọ̀sì sáré wá, ó dì í mú, ó ń bá a wí. Òógùn bo ojú ọmọ náà nítorí ìrora.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Bàbá," Kúlúsúmù ní. "Ẹsẹ̀ ni ò gbọ́."

Jàfárù gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ǹtì ọsibítù, fìlà bọ́ lórí rẹ̀, ó ń sunkún lójú àwọn aláìsàn àti àwọn tó wá wò wọ́n. Tàjúdíìn fẹ́ gbé e dìde, ó kọ̀. Ó sọ ọ́ níbẹ̀. Ó ní kì í ṣe ewé. Ó ní òun ló jáde síbi tí kò yẹ tí Sàní fi kúrò láàárín, pé òun ni Kúlúsúmù kúnlẹ̀ fún, pé òun ń ṣàdúrà gígùn kí àwọn obìnrin lè gbọ́.

Tàjúdíìn dúró bí igi. Ẹni tó tọ́ ọ láti kékeré ló ń wò nílẹ̀ yìí.

"Bàbá," ó ní, "ṣé ẹ rí mọ́tò náà?"

"Mo rí i," Jàfárù ní.

 Tàjúdíìn kọjá lára rẹ̀, ó lọ jókòó ti ìyàwó rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó sì kẹ́yìn sí Jàfárù. Kúlúsúmù pa ojú dé. Jàfárù gbé fìlà rẹ̀, ó dìde fúnra rẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá, ó tún gbogbo rẹ̀ sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ sọ́dọ̀ Ṣéhù. Sàní jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Jàfárù lọ bá a nílé, ó tọrọ àforíjì. Sàní ní kò burú, ó tẹ́ ẹní fún un, ó sì sọ ohun kan tí Jàfárù ò lè gbàgbé, pé ohun tó dun òun jù kì í ṣe àtìmọ́lé bí kò ṣe pé nígbà tí òun ń lọ, Mai Goro ń wo ògiri.

Àwọn àgbà kan nínú wa bá a wí. Wọ́n ní kí ló dé tó ń tú ara rẹ̀ síhòhò níta gbangba, ṣé òun ló wa lọ́rì ni? Wọ́n ní kádàrá ni, kó fi í fún Ọlọ́run. Ó wu Jàfárù láti gbà bẹ́ẹ̀. Ó gbìyànjú rẹ̀, kò ṣeé ṣe. Tàjúdíìn kó ẹrù rẹ̀, ó gba ilé sí Gidan Igwai, ó sì ń rán èèyàn sí i nítorí òwò obì dípò kó máa wá fúnra rẹ̀. Ìkíni tó bá ránṣẹ́ kì í ju "ẹ bá mi kí wọn" lọ.

Jàfárù wá gba Sàní sí iṣẹ́ tirẹ̀, ó fi í ṣe olórí àgbàlá. Ó tún òkúta tò, ó mú kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ fẹ̀ tó kí obìnrin méjì tó ru ẹrù lè kọjá ara wọn. Ó sì fi òfin kan lé e tó sọ ọ́ di ẹni ẹ̀rín ní ọjà. Ó ní nínú àgbàlá òun, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ kí ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ìyá tó bí i, lọ́rì ì báà wà níbẹ̀ ì báà má wà níbẹ̀. Òòró ni kí wọ́n máa kí ara wọn, kí ìdáhùn sì kúrú. Àwọn èèyàn ní Jàfárù ti di òyìnbó.  Ohun tó ń dààmú rẹ̀ ni pé Kúlúsúmù ò tíì sọ ohunkóhun sí ọ̀rọ̀ náà, pé òun ò sì mọ ọ̀nà tí òun fi lè gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀ pé ó dárí ji òun. Ó ti ránṣẹ́, ó ti rán Àgbékẹ́. Àgbékẹ́ á padà dé, á ní Kúlúsúmù kí i.

Òjò àkọ́rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rọ̀ kí Kúlúsúmù tó wá. Ó wá kó agbọ̀n rẹ̀ àti aṣọ tó fi sílẹ̀ ní sítọ̀. Igi kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ le gbọnrangandan, kò ṣeé ká mọ́, ó sì ń jù ú síwájú bó ṣe ń rìn. Ẹsẹ̀ tó máa ń sáré yẹn. Àárín òkúta àti ògiri ló gbà. Lọ́rì kan ń fẹ̀yìn bọ̀ láti géètì, Sàní sì wà láàárín níbi tó yẹ kó wà. Kúlúsúmù dé ọ̀kánkán Jàfárù, ó dúró ṣánṣán.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá," ó ní.

Ìkíni òòró tí Jàfárù torí rẹ̀ bá a wí lọ́jọ́ kìíní nìyẹn. Jàfárù wá ìdáhùn kúkúrú tó fi ṣòfin, kò rí i. Ó rìn lọ bá a, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti jáde sí gbangba. Nígbà tó kù díẹ̀ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, tàbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, ó kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì, àgbàlagbà, níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀. Àwọn obìnrin fi obì sílẹ̀. A ò rí irú rẹ̀ rí, ẹ̀rù sì bà wá. Ó tẹrí ba, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí ji òun, ó ń sọ ọ́ ní àsọtúnsọ.

Sàní ti gbé aṣọ pupa sókè, lọ́rì sì ti ń lọ́ra, ṣùgbọ́n kò tíì dúró. Kúlúsúmù wo lọ́rì. Lẹ́yìn náà ló wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀.

"Ẹ dìde, Bàbá," ó ní. "Mọ́tò ń bọ̀."

 Ó dúró lórí ẹsẹ̀ líle rẹ̀ títí Jàfárù fi dìde, títí tó fi wọ inú òkúta. Lẹ́yìn ìyẹn ló wọ sítọ̀ lọ kó agbọ̀n rẹ̀.